Ẹ Ṣọ́ra fún Ọ̀pá Ìbọn Gígùn tí Inú Rẹ̀ Ṣófo

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi ní Èkìtì, mo ń kọ èyí kí owó ẹlòmíràn má baà bá tèmi lọ. Ọkùnrin kan tí ó ń ta ìbọn atẹ́gùn ní Adó-Èkìtì ta ọ̀kan fún mi, ó ní ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínṣì 24, ó sì fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń jẹ kòkó mi lókè igi kò ní ríbi sá sí.

Ọ̀nà tí ó gbà tà á fún mi ni ó ń bí mi nínú jù. Ó gbé ìbọn kan tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó ní ti ọmọdé nìyẹn, ó sì gba owó gọbọi lé tèmi. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń pa ẹranko kéékèèké láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀pá ínṣì 24 sí 26 ni wọ́n ń lò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbọn tí ń lo ẹ̀tù ni tiwọn. Bí ẹ̀tù ṣe ń jó nínú ọ̀pá gígùn ni eré ọta ń pọ̀ sí i. Ìbọn atẹ́gùn onísípíríìngì bíi tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí sípíríìngì tì jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tán ní nǹkan bí ínṣì 10 sí 12. Gígùn tí ó bá lé ní ìyẹn kàn ń jẹ́ kí ó rọrùn láti tẹ ọ̀pá wálẹ̀ kí sípíríìngì lè fún pọ̀ ni. Mélòó nínú wa ni ó mọ èyí? Èmi kì í ṣe òmùgọ̀, mo béèrè ìbéèrè, irọ́ ni ó fi dá mi lóhùn!

Nígbà tí mo dé oko, ọta ń ya sí ọ̀tún, ó ń ya sí òsì. Mo padà lọ bá a, ó ní ojú mi ni kò ríran mọ́. Ojú mi kẹ̀! Mo tú ìbọn náà sílẹ̀, mo rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, mo sì ti bíírò bọ ẹnu rẹ̀. Odidi bíírò wọlé tàn-án, bẹ́ẹ̀ ọta mìlímítà 5.5, tí kò nípọn tó bíírò, ni ìbọn náà ń lò. Páìpù òfìfo ni wọ́n fi bo ọ̀pá kúkúrú tí ó wà nínú, wọn kò sì tò ó tọ́, ọta ń ha á lára bí ó ti ń jáde. Jìbìtì gbáà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu rẹ̀: ilà tí ó lọ́ yípo nínú ọ̀pá, tí ń mú kí ọta máa yí bí ó ti ń jáde, gbọ́dọ̀ hàn nítòsí. Ẹ ní kí wọ́n yìn ín lójú yín. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ìbọn wà lórí rẹ̀. «Ìbọn kan» ni ó kọ sí tèmi. Òfin Ìbọn ọdún 1959 sì ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ èyí tí a ń gba ìwé àṣẹ fún. Ìwé àṣẹ tèmi wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ fún oníbàárà mìíràn pé ìwé náà kò pọn dandan.

Ní báyìí, n kò gba oníbọn kankan gbọ́ mọ́, ìbáà ṣe ní Adó tàbí ní Ìkẹ́rẹ́. Kò tíì dá owó mi padà, irú ìbọn náà sì ṣì wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀ tí ó ń pe ènìyàn sí.