Ṣọ́ọ̀bù tó ń di ẹrù òkè-òkun lẹ́bàá Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì: ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń múra àtilọ bá ọmọ yín gbé ọmọ lókè-òkun, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà lẹ́bàá Ọjà Ọba níbí l'Ádó, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n di oúnjẹ fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. Pátákó funfun kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ "A Ń DI ẸRÙ" sí i. Bí ẹ bá ti béèrè obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá, wọn á júwe rẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Mo máa sọ ibi tó kù sí náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi wá a dé ibẹ̀.

Lọ́dún 2022 tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹlòmíràn ló di ẹrù mi, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ki irú pẹ̀tẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, ó fi rọ́bà so ó lọ́rùn, ó há a sáàárín ẹja gbígbẹ, ó ní ó parí. Kí n tó dé Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ mi ń gbé, irú ti tú. Omi rẹ̀ ti wọ aṣọ funfun tí mo fẹ́ wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti wọ gààrí, ó ti wọ bébà tí mo fi wé ẹ̀bùn ọmọ tuntun. Ilé tó fara kọ́ra ni ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn àti ará ilé kejì. A ṣí báàgì nílé ìdáná, a ṣí fèrèsé kí òórùn lè jáde. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó múlé tì wọ́n ló gbà lọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń ti fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, obìnrin tó máa ń dúró kí ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà kò dúró mọ́. Kò bá wa jà o. Kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló dun ọmọ mi jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ọmọ jòjòló lé mi lọ́wọ́, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Màámi, àwọn nìkan la ní níbí."

Òótọ́ ló sọ. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé nínú èèyàn 100 tó ń gbé Leicester, bíi 18 ni ẹlẹ́sìn Híńdù, ṣùgbọ́n ní òpópónà tiwọn, ilé méjì péré ni kì í ṣe ti Híńdù. Àdúgbò náà kò jìnnà sí Belgrave Road, níbi tí ṣọ́ọ̀bù aṣọ sárì àti ti wúrà tò sí lọ bẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ àgbààgbà wọn ni kò ti Íńdíà wá tààrà. Lọ́dún 1972, Idi Amin, olórí Uganda nígbà náà, fún àwọn ará Éṣíà tó wà níbẹ̀ ní 90 ọjọ́ kí wọ́n kó jáde, Leicester sì ni ọ̀pọ̀ wọn forí lé. Ìyá tó múlé tì wá wà lára wọn, àmọ́ mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Ère tó wà lójú fèrèsé rẹ̀ àti àtùpà tó ń jó níwájú ère náà ni mo mọ̀. Ó wúwo fún mi, n kò ní purọ́. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí mi sí, inú ìjọ CAC (Christ Apostolic Church). Bàbá mi wà lára àwọn tó dáná sun òrìṣà ilé wọn nígbà tí ìsọjí Àpọ́sítélì Babalọlá dé Ẹ̀fọ̀n lọ́dún 1930. Orí ìtàn yẹn la dàgbà sí. Èmi wá rèé, ògiri kan péré ló là mí sí ère.

Nígbà tí mo tún fẹ́ lọ ní 2024, ọmọ mi ní kí n má gbé irú wá mọ́. Mo ní báwo ni màá ṣe se ọbẹ̀ fún ọmọ ọmọ mi láìsí irú? Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló júwe obìnrin yìí.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni mi ò gbàgbé. Mo rò pé á bi mí bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Ó ní, "Mọ́mì, ta ló múlé tì yín níbẹ̀?" Mo ní Híńdù ni. Ó ní ṣé wọ́n ń jẹ ẹja? Mo ní wọn kì í jẹ ẹja, wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹyin, ìyá àgbà yẹn kì í tilẹ̀ jẹ àlùbọ́sà. Ó gbé ìwé kékeré kan, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní kí n fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta.

Irú pẹ̀tẹ̀ tí mo gbé lọ, ó dá a padà fún mi. Irú wooro ló ní kí n lọ rà. Ó sá a sóòrùn ọjọ́ méjì, ó tún yan án nínú agbada gbígbẹ lórí iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí tó fi ń dún ṣaraṣara bí ẹ bá fọwọ́ rò ó. Lẹ́yìn náà ló dà á sínú ọ̀rá tó nípọn, ó tẹ́ ẹnu ọ̀rá náà sábẹ́ irin ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì. Mo dúró tì í, mo ń wò. Ọ̀rá náà fún mọ́ irú díẹ̀díẹ̀ títí tí hóró kọ̀ọ̀kan fi yọ síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó. Ó gbé e sínú ọ̀rá kejì, ó tún fa á. Ó gbé e sínú ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló nà án sí mi, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Mo fi sí imú. Kò sí nǹkan kan.

Ata gígún ni wọ́n sábà máa ń lọ pọ̀ mọ́ edé níbí. Ó ní òun máa lọ tèmi lọ́nà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú edé, ọ̀kan láìsí. Èyí tí kò ní edé ló kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀, ó da ìrẹsì gbígbẹ sínú ẹ̀rọ ìlọta, ó lọ ọ́, ó dà á nù, ó tún lọ òmíràn kí òórùn ẹja àná lè kúrò. Ta ló rán an? Kò sí ẹni tó rí i bí kì í bá ṣe pé mo jókòó síbẹ̀. Ó fi bírò ńlá kọ ọ́ sára ọ̀rá: KÒ SÍ ẸJA. Pọ̀nmọ́ tí mo tọ́jú pamọ́ sáàárín èlùbọ́, ó yọ ọ́, ó ní wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé ẹran tàbí wàrà láti Nàìjíríà wọ ìlú Ọba, wọ́n á gbà á ni. Ó bí mi nínú díẹ̀ nítorí owó mi ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

A ṣí báàgì ní Leicester, fèrèsé ìyá àgbà wà ní ṣíṣí. Kò tì í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ọmọ mi bá mi lọ kí i. Mo gbé gààrí àti ata tí kò lẹ́ja dání. Ba ni gbogbo ilé ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà ní Gujarati, èdè àwọn ará Íńdíà kan. Ó ṣí gààrí, ó fi ìka mẹ́ta bù ú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wò mí. "Mogo?" Ọmọ mi fi àwòrán ẹ̀gẹ́ hàn án lórí fóònù, ó kígbe, ó di ọwọ́ mi mú. Mogo ni wọ́n ń pe ẹ̀gẹ́ ní Kampala tó ti wá, ó ní àwọn máa ń yan án lórí ẹyín, àwọn á fi ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ rá a. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n lé wọn. Mo rí i pé ojú ilé ló fi ń wo gààrí yẹn.

Mo wá tọrọ àforíjì irú ọjọ́sí. Mo ní èso igi ni o, kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ẹja. Nígbà tí ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ tán, Ba bú sẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó gbé agolo kékeré kan jáde, ó ṣí i sábẹ́ imú mi. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ó gun mí dé àtàrí. Hing ni wọ́n ń pè é, oje ewéko kan tó ti gbẹ ni, òun ló ń fi sínú òróró gbígbóná dípò àlùbọ́sà àti aáyù. Mo ní ìyẹn borí irú. Ó ní rárá, irú ló borí.

Nígbà tí Dìwálì, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn Híńdù, dé ní ìparí oṣù kẹwàá, ó gbé àwo adùn alára wàrà wá fún wa. Mo bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá wọ́n ti gbé e síwájú ère. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó dára jù nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ fún un bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà nílé, mo ṣàlàyé pé Pọ́ọ̀lù ti sọ fún wa nínú Kọ́ríńtì kìíní orí 10 pé bí ẹnì kan bá ti sọ pé èyí ni a fi rúbọ, kí a má jẹ ẹ́. Àyà mi ń já. Kò bínú. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé páálí mìíràn wá láti Belgrave Road, bébà ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀, a jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Èmi náà ra agbada tuntun tí ẹja kò tíì kàn rí, mo fi ẹ̀wà funfun tí wọ́n ń pè ní chora dín àkàrà fún un, ata obìnrin yìí ni mo fi sí i, kò sí àlùbọ́sà. Ó jẹ mẹ́rin. Láti ìgbà náà, bí mo bá jí gbàdúrà ní aago márùn-ún, tí mo gbọ́ agogo kékeré tó ń lù nídìí ère rẹ̀ lódìkejì ògiri, mo mọ̀ pé ó ti jí, ara rẹ̀ le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí iṣẹ́ yìí kù sí. Ó wọ́n. Owó dídì nìkan, yàtọ̀ sí owó oúnjẹ, gba ₦18,500 lọ́wọ́ mi. Kì í fúnni ní rìsíìtì. Bí iná bá lọ, ẹ máa jókòó títí yóò fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tí mo gbé lọ, ọ̀rá méjì nínú márùn-ún ló ti gba afẹ́fẹ́ kí n tó dé, ẹnu ìrẹsì ló gún ọ̀rá. Mo sọ fún un nígbà tí mo padà, ó ní òun á máa fi aṣọ wé e kí òun tó fa á. Mo fẹ́ rí i ná. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ẹ wọkọ̀ Èkó. Ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ fún un.

Mo ń padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbé irú lọ fún un. Mo ní kó lọ ata tí kò lẹ́ja ní ìlọ́po méjì, kó sì dá gààrí gbígbẹ kílò mẹ́ta sí ọ̀tọ̀. Ó gbé bírò ńlá, ó ní orúkọ ta ni òun máa kọ sí i. Mo ní kó kọ Ba.