Abẹ́rẹ́ wọn dáa, oúnjẹ wọn ló ń pẹ́

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tó ń béèrè ọsibítù tí wọ́n ti mọ ìtọ́jú ìtọ̀ ṣúgà, ẹ gbọ́ tèmi. Ọjọ́ márùn-ún la lò ní ọsibítù aládàáni kan níbí, mi ò ní dárúkọ wọn. Egbò ẹsẹ̀ la gbé màmá mi tìtorí ẹ̀ lọ, ìgbà tí wọ́n máa yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò, 412 mg/dL, ó ti ga jù! Kíá dókítà ní ká gbé oògùn oníhóró tì ná, ó di abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tó ń já ṣúgà wálẹ̀.

Níbẹ̀ yẹn, wọ́n gbìyànjú. Wọn kì í gún abẹ́rẹ́ láìkọ́kọ́ gún ìka wò, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ kí màmá tó jẹun, àti kí wọ́n tó sùn. Ínsúlíìnì kan wà tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ látalẹ́ mọ́jú, ọ̀kan sì wà fún oúnjẹ. Èmi rò pé wọ́n máa já a wá sí 90 lẹ́ẹ̀kan náà ni o, nọ́ọ̀sì alẹ́ ní "rárá bọ̀ọ̀dá, 140 sí 180 là ń wá, tó bá já jù wàhálà ńlá ni." Ọmọ yẹn mọṣẹ́ ẹ̀ jàre.

Ilé ìdáná wọn ló bà á jẹ́. Ọjọ́ kẹta, aago méje ni wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ oúnjẹ, aago mẹ́jọ kọjá, a ò rí ẹ̀kọ a ò rí mọ́ínmọ́ín. Mo kàn rí i tí màmá ń làágùn, ọwọ́ ń gbọ̀n, wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Óǹdó pè mí. Ṣúgà wọn ti já sí 54! Nọ́ọ̀sì po ṣúgà ṣíbí mẹ́rin sómi fún wọn, ìṣẹ́jú 15 ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, 66, ó tún po òmíì, ìgbà yẹn ló tó dé 98, ẹsẹ̀ mi ò sì gbé mi mọ́. Mo ní látòní lọ, tí abọ́ oúnjẹ ò bá tíì dé iwájú màmá mi kí ẹnikẹ́ni má gbé síríńjì wá. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí a fi kúrò.

Strip tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí bíìlì o, mẹ́rin lóòjọ́, ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ, wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí fíríìjì ínsúlíìnì, ìyẹn wú mi lórí.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Kí wọ́n tún ilé ìdáná ṣe, màá fi ọ̀kan kún un.