DWE7485 tàbí DWE7492: ayùn orí tábìlì wo ló yẹ ṣọ́ọ̀bù inú ilé l'Óṣogbo?

DeWalt ló ṣe méjèèjì. Bíléèdì 210mm ni ti DWE7485, 250mm ni ti DWE7492.

Ẹni tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìnkùlé rẹ̀ l'Alékúwodò, 7485 ni màá ní kó rà. Pílàìwúùdù tí à ń rà lọ́jà fẹ̀ tó 1220mm. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 610mm, ayùn kékeré yìí sì lè la ohun tó fẹ̀ dé 622mm. Ó tó gẹ́lẹ́! Bí òjò bá sì ṣú, ẹnì kan lè gbé e wọlé, torí kò ju nǹkan bíi 22kg lọ.

Tó bá jẹ́ ìrókò tó nípọn lẹ ń là fún férémù ilẹ̀kùn, ẹ lọ bá 7492. Ó ń gé dé 77mm. 65mm ni èkejì mọ.

Ọ̀rọ̀ iná ló ká mi lára jù. 2000W ni ti ńlá, 1850W ni ti kékeré. Jẹnẹrétọ̀ kékeré táwọn èèyàn ń fi tan gílóòbù ò lè gbé èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà: iná 120V ni tiwọn, 230V ni tiwa.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wò ó bóyá irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn bíléèdì ṣì wà níbẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí pákó ta padà lù yín láyà.