Heavens-Above: Èwo ló ń kọjá lókè yẹn?

Bí ìmọ́lẹ̀ kan bá ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín àwọn ìràwọ̀, tí kò ṣẹ́jú bíi ti ọkọ̀ òfúrufú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sátẹ́láìtì. Èwo nínú wọn? Ibẹ̀ ni Heavens-Above, ìkànnì ayélujára kan tó ń sọ ìgbà tí sátẹ́láìtì máa kọjá, ti wúlò fún mi. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí o wà fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo àkókò tó bá fún ọ ló máa ṣìnà.

Ó ń sọ aago tí sátẹ́láìtì yóò yọ, apá ibi tí yóò ti yọ, bí yóò ṣe ga tó àti bí yóò ṣe tàn tó. Nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn: bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń tàn tó, -3 mọ́lẹ̀ ju 2 lọ fíìfíì. ISS, ìyẹn ibùdó òfúrufú àgbáyé tí àwọn awòràwọ̀ ń gbé, tó wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà lókè, ni kí ẹni tuntun fi bẹ̀rẹ̀.

Tẹ ìlà kan nínú àtẹ rẹ̀, àwòrán ojú ọ̀run á ṣí pẹ̀lú ipa ọ̀nà sátẹ́láìtì náà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Bó bá pòórá lójijì lókè, òjìji ayé ló wọ̀, oòrùn ò tàn sí i mọ́. Àwòrán náà á ti fi ibẹ̀ hàn ọ́ ṣáájú.

Ojú ìkànnì náà ò fani mọ́ra, nọ́ńbà ló kún un bámú. Síbẹ̀ mo yàn án ju àwọn áàpù ẹlẹ́wà tó ní kí n máa na fóònù sókè lọ, torí iná fóònù máa ń ba ojú tó ti mọ́ òkùnkùn lára jẹ́. Ó tún ń ka àwọn àlòkù rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ àwọn sátẹ́láìtì. Òmíràn nínú wọn a máa tàn, a máa kú, bó ti ń ta òkìtì lọ.