Ẹ wọn ọ̀pá moulding kí ẹ tó sanwó o

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi moulding, ọ̀pá onílà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri bíi fírémù, ṣe ògiri pálọ̀ lẹ́ṣọ̀ọ́ kí ọdún tó dé, ẹ dúró ná. Àwọn ọlọ́jà kan wà lórí Instagram àti WhatsApp báyìí tí iye tí wọ́n ń pè wálẹ̀ ju ti ọjà lọ. Wọ́n á dárúkọ owó ọ̀pá kan, wọn ò ní sọ bí ọ̀pá náà ṣe gùn tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ mítà 2.4, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà 8 bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pé tán. Òmíràn jẹ́ mítà 2.9, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ààbọ̀. Fọ́tò ọ̀pá gígùn ni wọ́n á gbé síta, kúkúrú ni wọ́n á kó ránṣẹ́. Ẹni tí ò wọ̀n ọ́n ò ní mọ̀, àfi ìgbà tí káfíńtà bá ní ọjà ò tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ògiri kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 360. Fírémù mẹ́ta la fẹ́ lẹ̀ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 90, ó ga ní 180, àlàfo 22.5 wà láàárín wọn àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ gígùn 6 nìyẹn, kúkúrú 6. Ọ̀pá mítà 2.9 kan á yọ gígùn kan àti kúkúrú kan, 20 péré ni yóò ṣẹ́kù. Ọ̀pá 6 parí iṣẹ́, ẹ fi 1 lé e nítorí igun tó lè bàjẹ́ lẹ́nu ayùn: 7. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ mítà 2.4, tí ẹ bá ti gé 180 kúrò, 60 tó kù ò lè di 90 láé. Ọ̀pá 6 fún gígùn, 3 fún kúkúrú, 1 fún ìbàjẹ́: 10.

Ẹ wá wo ọgbọ́n wọn. Wọ́n á ro gbogbo gígùn rẹ̀ pọ̀, mítà 16.2, wọ́n á fi 2.4 pín in, wọ́n á ní ọ̀pá 7 ti tó. Nígbà tí ẹ bá padà wá ra èyí tó kù, iye ti yí padà, owó ọkọ̀ sì tún di tuntun. Àwọn mìíràn á kúkú ní kí ẹ ra 16 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò ní dá àṣẹ́kù padà.

Fóòmù sì ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pè ní PVC, ìyẹn ike líle. Ẹ yẹ ibi tí wọ́n ti gé e wò: bí ẹ bá rí hóró funfun wínníwínní bíi ti fóòmù inú páálí tẹlifíṣọ̀n, tí èékánná sì wọlé síbẹ̀, fóòmù ni. Fóòmù kì í ṣe nǹkan burúkú. Ó dáa fún òkè tí ọwọ́ ọmọ àti ẹ̀yìn àga ò dé. Kí wọ́n ṣáà gba owó fóòmù lórí rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ ló tún burú jù, irú èyí tí àwọn ṣúmékà ń lò. Kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń yọ́ fóòmù: ẹ̀yìn ọ̀pá á jẹ wọnú, ojú rẹ̀ á wá rí gbágungbàgun. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ègé kan, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ tó kan ògiri. Bí wọ́n bá sì fi silicone, gọ́ọ̀mù tó máa ń rí bíi rọ́bà, ṣe èènì fún yín láti fi dí igun, ẹ má lò ó: ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Acrylic ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ “paintable” sí lára, ìyẹn ni pé ó ṣeé kùn lọ́dà.

Bí moulding bá já bọ́, wọ́n á ní ògiri yín ni kò dáa. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri. Bí ẹfun bá bá ọwọ́ yín jáde, ẹ fi sáńpépà ha á, kí ẹ nu eruku rẹ̀ kúrò. Ògiri tó ń mumi kò gbọ́dọ̀ gba moulding MDF, èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, wíwú ló máa wú.

Lórí owó, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ nítorí fọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò: kí wọ́n tẹ́ téèpù láti òdo dé òpin ọ̀pá láì dá fídíò dúró, kí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ yín àti déètì ọjọ́ náà sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́jà tó ní ọjà nílẹ̀ á ṣe é ní ìṣẹ́jú méjì. Bí orúkọ àkáǹtì bá yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti sanwó tí wọn ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́, kó pe báńkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ kọ síra wọn. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, náà ń gba ẹ̀sùn.

Bí ọjà bá dé, ẹ mú ọ̀pá méjì-méjì, ẹ fi ẹnu wọn kanra. Wọ́n máa ń da àṣẹ́kù ọjà àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Ìlà ọ̀kan á ga ju èkejì lọ ní mìlímítà kan. Nílẹ̀, ó lè má hàn, àmọ́ tí wọ́n bá gé e ní dígírì 45 tí wọ́n pàdé ní igun, gbogbo àlejò ló máa rí i. Bí awakọ̀ tó gbé e wá bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kó máa kánjú. Ẹ ṣì ń yẹ ọjà yín wò lọ́wọ́.