Cerium chloride olómi àbí gbígbẹ: èwo ni ká rà?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́míkà. Cerium chloride jẹ́ iyọ̀ tí irin cerium àti chlorine para pọ̀ di. Olómi, ìyẹn CeCl₃·7H₂O, ní omi nínú; gbígbẹ, ìyẹn CeCl₃ lásán, kò ní.

Ní ti owó, olómi kò wọ́n tó gbígbẹ. Àmọ́ nínú 100 gíráàmù rẹ̀, bíi 34 ló jẹ́ omi. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ohun tó wọ̀n kò ní tó.

Olómi rọrùn láti tọ́jú. Ẹ ṣáà dé ìgò rẹ̀ dáadáa. Gbígbẹ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra kíákíá, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé inú gáàsì nitrogen tàbí argon là ń ṣí i.

Ewu tó ká mi lára jù ni ká ra olómi, ká wá máa yan án lórí iná kó lè gbẹ. Ooru líle nínú afẹ́fẹ́ lásán á sọ ọ́ di CeOCl, èròjà mìíràn tí oxygen ti wọ inú rẹ̀; iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ là ń gbẹ ẹ́, nínú ìgò tí ẹ̀rọ ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó gba sùúrù gan-an.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà tí onímọ̀ kẹ́míkà Luche gbé jáde ní 1978 láti sọ ketone di alcohol lẹ fẹ́ tọ̀, olómi ti tó: ẹ yọ́ ọ sínú methanol, kí ẹ fi NaBH₄ (sodium borohydride, tó ń fi hydrogen kún nǹkan) sí i. Ketone á di alcohol, ìsopọ̀ oníméjì (double bond) ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ organolithium tàbí Grignard (àwọn èròjà tí carbon ti so mọ́ lithium tàbí magnesium) lẹ fẹ́ pò mọ́ ọn, gbígbẹ ni kí ẹ mú, torí omi á ti pa wọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.