Agolo Ìyẹ̀fun Púrótíìnì kan tí Mo Rà fún Ìyá Wa ní Àjàṣẹ́

Ìyẹ̀fun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí wà nínú agolo ńlá oníwọ̀n 900 gíráàmù, 27,000 owó sẹ́fà ni mo sì rà á ní ilé oògùn kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin tí apá rẹ̀ ki pọ́pọ́ ni wọ́n yà sára agolo náà, ẹni tí kò bá sì ka ohun tí wọ́n fi èdè Faransé kọ sẹ́yìn rẹ̀ kò ní mọ̀ pé àwọn arúgbó pẹ̀lú lè mu ún. Ìyá wa tó ń gbé ní Kétu ni mo rà á fún. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 75, wọ́n ń rù, ìrìn wọn ń falẹ̀, wọn kò sì lè gbé garawa omi dé ẹ̀yìnkùlé mọ́ kí wọ́n má sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn ará ilé ní ọjọ́ orí ni. Àmọ́ láti ọdún 2001 tí Linda Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti gbé òṣùwọ̀n wọn jáde, ohun márùn-ún ni ọ̀pọ̀ dókítà ń wò láti mọ àgbà tí ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ: kí ó máa rù láìmọ̀ọ́mọ̀, kí ó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kí ọwọ́ rẹ̀ má lè di nǹkan mú gírígírí mọ́, kí ìrìn rẹ̀ falẹ̀, kí ó má sì fi bẹ́ẹ̀ lo ara mọ́. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú wọn ni ìṣubú àti ìdùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn sún mọ́ jù.

Púrótíìnì ni ara fi ń tún iṣan ṣe, ara àgbà kì í sì í jẹ àǹfààní rẹ̀ tó ti ọ̀dọ́. Nítorí èyí ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní PROT-AGE ṣe dá a lábàá ní ọdún 2013 pé kí ẹni tó ti kọjá ọdún 65 máa jẹ gíráàmù 1.0 sí 1.2 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n, dípò 0.8 tí wọ́n ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀. Kílò 50 ni ìyá wa wọ̀n, nítorí náà gíráàmù 50 sí 60 ló yẹ kí wọ́n máa rí. Ẹni tó mu ẹ̀kọ láàárọ̀, tó jẹ ọkà àti ọbẹ̀ ilá lọ́sàn-án, tó sì tún bu ẹja inú ọbẹ̀ náà fún ọmọ-ọmọ, kò lè dé ìdajì rẹ̀.

Ṣíbí kan ìyẹ̀fun yìí jẹ́ gíráàmù 30, wọ́n sì kọ ọ́ pé púrótíìnì inú rẹ̀ jẹ́ 21. Inú omi tó ń ṣẹ́kù nígbà tí mílíìkì bá ti di wàrà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Èròjà leucine, tó ń ta ara jí láti mọ iṣan, sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti dídára ohun tó wà nínú agolo, n kò rí àléébù kan sọ. Ìlò rẹ̀ ló gba sùúrù: bí a bá dà á sínú ẹ̀kọ gbígbóná, ṣe ni ó máa ń di kókó, àfi kí ẹ̀kọ náà kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Adùn rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹnu àgbà. Ó tún kun ìyá wa nínú níbẹ̀rẹ̀, nítorí ṣúgà inú mílíìkì, títí a fi dín ìwọ̀n rẹ̀ sí ìdajì ṣíbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Owó ńkọ́? Ṣíbí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 900 owó sẹ́fà. Ẹyin mẹ́rin, tí púrótíìnì inú wọn tó gíráàmù 24, kò ná mi tó bẹ́ẹ̀ ní ọjà Ouando, wàrà sóyà tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà sì tún dínwó. Ìyá wa fẹ́ràn wàrà sóyà náà ju ìyẹ̀fun lọ, wọn kì í sì í fi í fún ọmọ-ọmọ.

Ohun tí agolo náà kò kọ rárá ni pé ìyẹ̀fun nìkan kì í mú ẹsẹ̀ le. Ní ọdún 1994, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí 100 arúgbó tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 87: àwọn tó ń fi ohun wíwúwo kọ́ ẹsẹ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá di alágbára sí i, àwọn tí wọ́n kàn fún ní ohun mímu aṣaralóore kò rí irú rẹ̀. Nítorí náà ni ìyá wa fi ń dìde lórí àga, tí wọ́n sì ń jókòó padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́, láìfi ọwọ́ ti àga. Wọ́n ń ráhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ilé oògùn náà ni pé ẹni tó tà á kò bi mí ní ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ mu ún, kò sì dárúkọ kíndìnrín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, tí kò sì tíì máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ dédé fi kún púrótíìnì tó ń jẹ. Dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa ló ní kí a lọ yẹ kíndìnrín wọn wò kí a tó ṣí agolo.

Arúgbó tí eyín rẹ̀ ti tán, tàbí tí àìsàn ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ni mo lè sọ fún pé kí ó ra ìyẹ̀fun yìí bí owó bá wà. Ní tiwa, bí agolo yìí bá tán, ẹyin àti wàrà sóyà ni n ó máa fi owó rẹ̀ rà.